Orí Karùn-ún: Pípẹ́ẹ̀tì, Bùrẹ́ẹ̀tì àti Ọwọ́ Tó Ń Lò Wọ́n

Nínú ìdánwò aṣefihàn kẹ́mísìrì ti WAEC, ẹ̀kán omi mẹ́rin tó kọjá ibi tó yẹ lè ba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Ẹ̀kán kan láti ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì kò ju nǹkan bíi mílílítà 0.05 lọ. Mẹ́rin rẹ̀ ti di 0.20, ibẹ̀ sì ni ààlà tí wọ́n fún àwọn kíkà tí a lè pa pọ̀ láti wá àárín wọn. Ìdí nìyẹn tí orí ìwé yìí fi gùn ju èyí tó sọ̀rọ̀ nípa bíkà àti túùbù ìdánwò lọ. Pípẹ́ẹ̀tì àti bùrẹ́ẹ̀tì ló ni iṣẹ́ tó gba ẹ̀sọ̀, síbẹ̀ inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, tí ọmọ kò ní fọwọ́ kàn wọ́n títí ìdánwò yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tó ń tọ́jú láàbù ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù nínú orí yìí.

Ẹ ka ara gíláàsì

Gbogbo gíláàsì tó ní ìlà lára kọ́ ló jẹ́ ohun ìwọ̀n. Ìfojúdá ni ìlà ara bíkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ kọ ọ́ sára pé àwọn lè fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀. Lórí mílílítà 200, mílílítà 10 nìyẹn. Sìlíńdà ìwọ̀n sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ti mílílítà 100 tó jẹ́ kíláàsì B ṣì lè fi odidi mílílítà kan yẹ̀. Pípẹ́ẹ̀tì oníkùn ti mílílítà 25, tó jẹ́ kíláàsì B náà, kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju 0.06 lọ, ti kíláàsì A kò gbọdọ̀ ju 0.03. Iyálọ́jà tó ń ta gàrí mọ̀ pé kọ́ńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kì í gba iye tí èyí tí ìdí rẹ̀ gún ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́ńgò ni à ń pe méjèèjì. Ohun tó dára lára gíláàsì láàbù ni pé ó máa ń kọ àléébù tirẹ̀ sára fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Nítorí náà, kí ẹ tó bu omi kankan, ẹ gbé pípẹ́ẹ̀tì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ óò rí iye tó ń wọ̀n, ẹ óò rí A tàbí B, ẹ óò sì rí iye tó lè fi yẹ̀. AS jẹ́ kíláàsì A tí omi rẹ̀ máa ń yára jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Ex tàbí In. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń kọ TD tàbí TC dípò wọn. Ex àti TD túmọ̀ sí pé iye tí wọ́n kọ ni iye tí yóò tú jáde, àti pé omi tó lẹ̀ mọ́ ògiri inú rẹ̀ àti èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. In àti TC túmọ̀ sí pé iye tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣan gbogbo rẹ̀ jáde kí iye náà tó pé. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, kò sí bó ṣe fara balẹ̀ tó, ìdáhùn rẹ̀ kò ní tọ̀nà.

Ẹ tún wo orí pípẹ́ẹ̀tì onílà, ìyẹn èyí tó gún régé láìníkùn tí ìlà wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí òrùka méjì tàbí ọ̀já funfun kan bá wà nítòsí ẹnu òkè, ẹ gbọ́dọ̀ fi afẹ́fẹ́ láti inú rọ́bà ìfami ti ẹ̀kán tó kẹ́yìn jáde. Bí kò bá sí, ẹ fi ẹ̀kán náà sílẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n fi kun orí rẹ̀ náà ní ìtumọ̀: pupa rẹ́súrẹ́sú ni ti mílílítà 1, dúdú ni ti 2, pupa ni ti 5, àwọ̀ ọsàn ni ti 10. Èyí máa ń gba ẹni tí ń kó wọn jáde lójú ọ̀sán ìdánwò lọ́wọ́ wàhálà.

Pípẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín tó ní rọ́bà kékeré lórí, tí a ń pè ní ti Pasteur, kì í ṣe ohun ìwọ̀n rárá. Ohun ìkán ni. Bí nǹkan bíi 20 ẹ̀kán omi rẹ̀ ṣe máa ń súnmọ́ mílílítà 1 dára láti mọ̀, kì í ṣe láti fi dáhùn ìdánwò.

Ẹnu kọ́

Láti ọdún 1893 ni àkọsílẹ̀ ti wà nípa oníṣègùn kan tó ń fi ẹnu fa pípẹ́ẹ̀tì, tó sì fa kòkòrò àìsàn tífọ́ìdì mu. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láàbù ni wọ́n ti fi ẹnu ara wọn kó àrùn tàbí kí wọ́n fi fa oró mu. Títí di òní, ẹ óò ṣì rí olùkọ́ tó ń sọ fún ọmọ pé, "Rọra fà á, kò ní dé ẹnu ẹ." Omi sódíọ̀mù háídírọ́ksáìdì kì í rọra. Bí ojú omi inú bíkà bá lọ sílẹ̀ tí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì sì yọ síta, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, omi yóò sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọpọlọ tó rán ẹnu létí láti yàgò.

Rọ́bà ìfami tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀kùn mẹ́ta: A, S àti E. Ẹ fi ìka méjì tẹ A bí ẹ ti ń fún ikùn rọ́bà náà pọ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ tẹ S, omi yóò máa gòkè. Ẹ tẹ E, omi yóò máa sọ̀kalẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi omi lásán ṣe é títí yóò fi mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ẹ tó gbé àsíìdì síwájú wọn. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé omi kò gbọdọ̀ wọ inú rọ́bà, nítorí àsíìdì yóò jẹ àwọn ilẹ̀kùn inú rẹ̀. Bí kò bá sí rọ́bà, sírínjì ńlá ti mílílítà 50 tàbí 60 láti ilé ìtajà kẹ́mísìtì, pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà kúkúrú tó mú orí pípẹ́ẹ̀tì dáadáa, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Kò lẹ́wà, àmọ́ kò ní pa ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ń fi rọ́bà bọ orí pípẹ́ẹ̀tì, ẹ di gíláàsì náà mú nítòsí orí níbi tí rọ́bà yóò wọ̀, ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ ọ, kí ẹ sì máa yí i wọlé. Ẹni tó bá di ìsàlẹ̀ mú tó wá ń fi agbára tì í, ó ń wá ojú ọgbẹ́: gíláàsì yóò kán ní àárín, èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì wọ àtẹ́lẹwọ́. Ọgbẹ́ yìí wọ́pọ̀ ju ti àsíìdì lọ.

Bí a ṣe ń lo pípẹ́ẹ̀tì oníkùn

Ẹ fi omi dísítíìlì ṣan án, lẹ́yìn náà kí ẹ fi díẹ̀ nínú omi tí ẹ fẹ́ wọ̀n gan-an ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì da ìṣanù náà nù. Bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ kejì yìí, omi dísítíìlì tó kù lára ògiri yóò là á. Ẹ má ṣe ti pípẹ́ẹ̀tì bọ inú ìgò tí ẹ po omi náà sí. Ẹ da díẹ̀ sínú bíkà, kí ẹ fà á láti ibẹ̀.

Ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ omi jìn díẹ̀, ẹ fà á kọjá ìlà ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ yọ ọ́ síta, ẹ fi tíṣù nu òde rẹ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó máa sọ omi náà kalẹ̀ dé ojú ìlà, pẹ̀lú ẹnu pípẹ́ẹ̀tì lára ògiri bíkà. Bí sírínjì lẹ fi fà á, tí ẹ yọ ọ́ kúrò, ìka ìfábẹ̀lá ni kí ẹ fi dí orí. Àtàǹpàkò kò gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣí díẹ̀, omi yóò ya kọjá ìlà. Ìka tó tutù jù tàbí tó gbẹ jù náà kò dára.

Ẹ wá gbé e lọ sí fúláàsìkì. Pípẹ́ẹ̀tì ni kó dúró ṣánṣán, kí fúláàsìkì tẹ̀ díẹ̀, kí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì kan ògiri rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn fúnra rẹ̀. Bó bá ti tán, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Omi kékeré kan yóò kù lẹ́nu rẹ̀, ojú ọmọ yóò sì máa wò ó. Ẹ má jẹ́ kó fẹ́ ẹ jáde. Wọ́n ti mọ̀ pé yóò kù níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fa ìlà sára gíláàsì náà.

Bùrẹ́ẹ̀tì

Owó aṣọ ló mú bùrẹ́ẹ̀tì wáyé. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, Descroizilles, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Rouen ní ilẹ̀ Faransé, ń wá bí yóò ṣe mọ agbára omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ: bó bá rọ̀ jù, aṣọ kò ní funfun, bó bá le jù, yóò jẹ aṣọ. Gay-Lussac tún ohun èlò náà ṣe ní àwọn ọdún 1820, Karl Friedrich Mohr ní Jámánì sì fi ọ̀pá rọ́bà àti ìfúnpọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má bàa máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde mọ́. Ìwé ńlá tí Mohr kọ lórí ọ̀nà ìwọ̀n yìí jáde ní 1855. Bùrẹ́ẹ̀tì tó wà ní láàbù yín lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, àyàfi pé ẹ̀rọ ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí à ń pè ní kọ́ọ̀kù, ti di gíláàsì tàbí ike.

Àsíìdì ni a sábà máa ń fi sínú bùrẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe nítorí àṣà nìkan. Sódíọ̀mù háídírọ́ksáìdì máa ń jẹ gíláàsì díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ mọ́jú nínú bùrẹ́ẹ̀tì oníkọ́ọ̀kù gíláàsì, kọ́ọ̀kù náà lè lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Ẹ fi àsíìdì ṣan bùrẹ́ẹ̀tì, ẹ kún un, ẹ ṣí kọ́ọ̀kù sílẹ̀ gan-an fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kí afẹ́fẹ́ tó há sí ẹnu ìsàlẹ̀ lè jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ni ọ̀tá tó farapamọ́ jù. Bó bá jáde ní àárín iṣẹ́, omi yóò rọ́pò rẹ̀, bùrẹ́ẹ̀tì yóò sì ka iye tí kò dé inú fúláàsìkì rárá. Ẹ yọ fọ́nẹ́ẹ̀lì kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ tó ka nǹkan, nítorí ẹ̀kán kan lè já láti ara rẹ̀ nígbà tí ẹ kò fura.

Fúláàsìkì tí ẹ fẹ́ da omi pípẹ́ẹ̀tì sí ńkọ́? Omi dísítíìlì nìkan ni kí ẹ fi ṣan án. Omi tó bá kù nínú rẹ̀ kò ba nǹkan jẹ́, torí iye bésì tí pípẹ́ẹ̀tì gbé wá kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi bésì ṣan án, ẹ ti fi èérí kún iye tí ẹ wọ̀n. Ẹ kán ìńdíkétọ̀ bíi ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí i. Methyl orange yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú bésì, yóò sì yí sí àwọ̀ ọsàn bí àsíìdì ti tó o. Bó bá ti pupa, ẹ ti kọjá rẹ̀. Phenolphthalein yóò fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, yóò di aláìláwọ̀.

Ọwọ́ òsì, tí wọ́n ní a kì í fi júwe ilé bàbá ẹni, òun ló ni iṣẹ́ kọ́ọ̀kù. Ẹ gbé e yí bùrẹ́ẹ̀tì ká láti ẹ̀yìn, kí àtàǹpàkò àti ìka méjì máa yí kọ́ọ̀kù, kí ẹ sì máa fà á wọlé díẹ̀ kó má bàa yọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa mi fúláàsìkì. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe méjèèjì ní àbọ̀-àbọ̀ yóò máa dá omi dúró kó tó mì í, kò sì ní mọ ìgbà tí àwọ̀ yí.

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ lè sáré: ìdíwọ̀n lásán ni, kí ẹ lè mọ ibi tí òpin wà. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi kíákíá títí yóò fi ku bíi mílílítà 2 sí ibẹ̀, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán an ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kù díẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán rọ̀ sí ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì láìjábọ́, ẹ fi ògiri fúláàsìkì gbà á, kí ẹ fi omi dísítíìlì ṣan án wọlé. Báyìí ni à ń pín ẹ̀kán kan sí méjì. Ẹ kọ gbogbo kíkà sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ìpín, kódà bó jẹ́ 0.00, kí ẹ sì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó bá ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó kọ ọ́ sí ìwé ń wá ìjàngbọ̀n. Bí àwọn kíkà kò bá bára mu, kó tún un ṣe; kó má yí nọ́ńbà padà. Olùdánwò máa ń mọ̀, torí iye tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ rí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú

Ojú omi nínú gíláàsì tóóró kì í tẹ́jú. Ó máa ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì máa ń jìn sísàlẹ̀ láàárín. Ìsàlẹ̀ ibi tó jìn jù ni à ń kà, àyàfi bí omi náà bá dúdú bíi ti pọtásíọ̀mù pẹ̀máńgánéètì, tí ẹ kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà, ẹ ka òkè, kí ẹ sì rí i pé òkè náà lẹ kà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí.

Ojú yín gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ojú omi. Bí ojú bá wà lókè, omi yóò dà bíi pé ó ga ju bó ṣe wà lọ, bùrẹ́ẹ̀tì yóò sì ka iye tó kéré. Bí ojú bá wà nísàlẹ̀, iye yóò pọ̀ jù. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní láàbù ilé ìwé ni pé bùrẹ́ẹ̀tì ga lórí tábìlì, ọmọ kúrú, ó wá gbójú sókè ka ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ka ìparí ní ọ̀gbọọgba. Àṣìṣe náà yóò wọ ìdáhùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kíkà rẹ̀ yóò sì bára mu dáadáa, tó fi jẹ́ pé kò ní fura. Ẹ gbé ìdúró bùrẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀ láti orí tábìlì sórí àpótí nígbà tí ẹ bá ń kún un tí ẹ sì ń ka ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi páálí funfun tó ní ọ̀já dúdú sẹ́yìn rẹ̀. Bí òkè ọ̀já dúdú náà bá wà díẹ̀ nísàlẹ̀ ojú omi, ìlà náà yóò yọ ketekete.

Níbi tí omi ti kéré jù

Ní láàbù ilé ìwòsàn, iṣẹ́ a máa kéré ju èyí lọ. Pípẹ́ẹ̀tì Sahli tí wọ́n ti fi ń bu ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ kì í gbà ju mílílítà 0.02 lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á bu 0.02 ẹ̀jẹ̀ sínú 0.38 omi Turk, ẹ̀jẹ̀ náà á di ìdá kan nínú ogún. In ni pípẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fa omi náà sókè-sódò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí gbogbo ẹ̀jẹ̀ lè kúrò, kí ẹ sì ti nu òde rẹ̀ kí ó tó wọ omi. Èyí tó lẹ̀ mọ́ òde tín-ín-rín báyẹn lè pọ̀ lójú iye tó wà nínú.

Heinrich Schnitger, ní Marburg ní Jámánì, ni iṣẹ́ bíbu omi kékeré báyìí sú títí tó fi ṣe pípẹ́ẹ̀tì onísípíríǹgì ní 1957, èyí tí ilé iṣẹ́ Eppendorf wá sọ di ọjà káàkiri ayé. Bí ilé ìwòsàn yín bá ní irú rẹ̀, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ó nílò ike ẹnu tuntun fún olúkúlùkù iṣẹ́, ó sì nílò àyẹ̀wò déédéé.

Ìwọ̀n tó ń wọn ìwọ̀n

Ẹ lè dán pípẹ́ẹ̀tì yín wò fúnra yín bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù dé 0.01. Ẹ wọn ìgò kékeré gbígbẹ tó ní ìdérí, ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì da mílílítà 25 omi dísítíìlì sí i, ẹ tún un wọ̀n. Bí omi náà bá wà ní dígírì 28, kó súnmọ́ gíráàmù 24.88. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún. Bí wọ́n bára mu, tí wọ́n sì wà láàárín 24.82 sí 24.94, pípẹ́ẹ̀tì kíláàsì B yín dára. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra wọn gan-an, ọwọ́ ni, kì í ṣe gíláàsì.

Ooru náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Dígírì 20 ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ gíláàsì, ìyẹn sì tutù ju láàbù Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lọ nínú oṣù kẹta. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru, 27 ni wọ́n kọ sára wọn. Omi tó gbóná láti 20 dé 30 máa ń fẹ̀ ní nǹkan bíi mílílítà 0.06 lórí mílílítà 25. Bí ẹ bá po àsíìdì àti bésì yín ní ọjọ́ kan náà nínú yàrá kan náà, kò sí wàhálà. Ẹ kàn má ṣe kún ìgò nígbà tí omi inú rẹ̀ ṣì gbóná láti ara sódà tó ń yòrò.

Ìfọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ọṣẹ olómi, omi ẹ̀rọ, omi dísítíìlì, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Bí omi bá ń kóra jọ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán lára ògiri inú rẹ̀, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un fọ̀. Ẹ má gbé e sínú ààrò láti gbẹ ẹ́. Pípẹ́ẹ̀tì tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣẹ́, ẹ dà á nù. Omi yóò máa yára jáde jù, iye tí yóò kù lára ògiri kò sì ní jẹ́ iye tí wọ́n ṣírò mọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, bóyá ní Ọjọ́ta l'Ékòó tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e wá sí ilé ìwé, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ẹ ka ara rẹ̀, ẹ má gba èyí tí kò ní kíláàsì tàbí dígírì lára. Kíláàsì B tó láti fi kọ́ ọmọ. Bí owó kò bá ká ohun gbogbo, ẹ ra rọ́bà ìfami fún olúkúlùkù pípẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ní kí ẹ tó ra ẹyọ kan sí i. Pípẹ́ẹ̀tì tí kò bá ní rọ́bà, ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé.